Eré Ìje Ọkọ̀ ti Ọdún 2026: Òfin Tuntun, àti Ẹjọ́ tí Àwọn Ọmọ Mẹ́ta Gbé Wá Bá Wa

Ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún 2025 ń parí lọ, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta kan wá bá wa ní ilé, ní Ìbarà ní Abẹ́òkúta níhìn-ín, wọ́n sì bẹ̀ wá kí a bá wọn dá ẹjọ́ kan. A kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, tàbí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin. Àṣé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ẹni èkíní ní eré ìje ọkọ̀ tí à ń pè ní Formula 1, èyí tí wọ́n máa ń lọ wò ní ilé ìwòran kan ní Kútọ̀, ti bàjẹ́ láti ọdún 2026 lọ, nítorí pé àwọn alákòóso rẹ̀ ti fi bátìrì bà á jẹ́. Ẹni èkejì ní irọ́ ni, pé yóò dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n òun ni ó mú ìwé kékeré kan lọ́wọ́, nínú èyí tí ó ti fi gègé kọ gbogbo òfin tuntun náà sí, ní ìlà tí ó tọ́, bí ìwé ìṣirò akọ̀wé ọ́fíìsì. A gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi ọjọ́ mẹ́ta kà á, a sì wádìí ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ohun tí a rí ni a fẹ́ sọ fún ẹ̀yin òbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń gbọ́ igbe ọkọ̀ wọ̀nyí láti inú pálọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, tí ẹ kò sì mọ ohun tí ọmọ yín jókòó tì.

Eré náà kì í ṣe ti òní. Ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún ọdún 1950 ni wọ́n sá ti àkọ́kọ́ nínú ìdíje àgbáyé yìí ní Silverstone ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Giuseppe Farina ará Ítálì ni ó sì gbà á. Àjọ FIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1904, ni ó ń ṣe òfin rẹ̀. Orúkọ náà, Formula, kì í ṣe orúkọ ọkọ̀ rárá. Ìwé òfin ni ó túmọ̀ sí, pé ọkọ̀ tí yóò bá bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré gbọ́dọ̀ wà ní ìwọ̀n tí a kọ sílẹ̀. Bí òfin bá yí, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ yí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, Lando Norris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba oyè ọdún náà ní Abu Dhabi: máàkì 423 ni ó ní, Max Verstappen ará Netherlands sì ní 421. Lẹ́yìn eré 24, máàkì 2 péré ni ó wà láàárín wọn. Síbẹ̀ ọkọ̀ tí Norris fi gba oyè náà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ inú eré ọdún 2026 rárá. Ohun ìrántí ni ó dà ní ọjọ́ tí ó gba ife.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi agbára ọkọ̀, nítorí níbẹ̀ ni ìjà àwọn ọmọ náà wà. Láti ọdún 2014 ni ọkọ̀ wọ̀nyí ti ń lo agbára oríṣi méjì pọ̀: ẹ́ńjìnì onísìlíńdà 6 tí ń mu epo, àti ẹ̀rọ iná mànàmáná tí ń jẹun nínú bátìrì. Títí di òpin ọdún 2025, iná mànàmáná dàbí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí ń ran ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́. Kilówáàtì 120 ni ó ń mú wá, nígbà tí ẹ́ńjìnì ń mú nǹkan bí 550 wá. Òfin tuntun dín ti ẹ́ńjìnì kù sí nǹkan bí 400, ó sì gbé ti iná mànàmáná sókè dé 350. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìdajì sí ìdajì. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti gba òmìnira, ó sì ń bá ọ̀gá rẹ̀ pín owó.

Níbo ni iná náà ti ń wá? Kò sí ẹni tí ó lè so ọkọ̀ tí ń sáré mọ́ wáyà ara ògiri. Àwọn àgbà tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ rí yóò rántí dáínámò kékeré tí a máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ táyà kí fìtílà lè tàn ní òru. Bí ẹ bá tì í mọ́ táyà, fìtílà a tàn, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ a wúwo lẹ́sẹ̀ yín, bí ẹni pé ènìyàn kan dì í mú lẹ́yìn. Ìwúwo náà gan-an ni ó ń di iná. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ inú ọkọ̀ eré ìje: nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì kí ó tó yà ní kọ́nà, ẹ̀rọ náà a di táyà ẹ̀yìn mú, a sì kó agbára tí ìbá di ooru lásán lọ sínú bátìrì. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀rọ kejì wà tí ń kó agbára láti inú èéfín gbígbóná tí ẹ́ńjìnì ń tú jáde. Èyí ni òfin 2026 yọ kúrò pátápátá, nítorí pé owó rẹ̀ pọ̀, ó ṣòro láti ṣe, ó sì ń dẹ́rù ba àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ wọlé.

Wàyí o, bátìrì yìí kò jinlẹ̀. Bí awakọ̀ bá lo gbogbo agbára iná náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 11 ni yóò fi gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ínfátà ní ilé ẹ ti mọ ohun tí a ń sọ. Ní ilé tiwa, ní alẹ́ Sátidé kan tí ilé-iṣẹ́ mànàmáná ti mú iná lọ láti àárọ̀, ìyá àwọn ọmọ wa ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ìjọsìn, ọmọbìnrin wa tan fáànù méjì, ọmọkùnrin wa ń wo bọ́ọ̀lù, àwa fúnra wa sì ń kọ ìwé lábẹ́ gílóòbù. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án tí gbogbo ilé fi ṣókùnkùn biribiri. Ìjà bẹ́ sílẹ̀: ta ni ó jẹ iná tán? Olúkúlùkù ní òun kọ́. Nígbà tí a rò ó dáadáa, a rí i pé kì í ṣe ẹni tí ó lò jù ni ó jẹ̀bi bí kò ṣe ẹni tí ó lò ó ní àkókò tí kò yẹ, nítorí pé aṣọ ìbá ti di lílọ̀ ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn ń ràn sórí páànẹ́lì. (Ìyá àwọn ọmọ wa kò fara mọ́ ìdájọ́ yìí títí di òní.)

Ohun kan náà ni ó dojú kọ àwọn awakọ̀ 22 náà. Ẹni tí ó bá ná gbogbo iná rẹ̀ láti kọjá ẹlòmíràn ní ojú ọ̀nà títọ́, ó lè dé ojú ọ̀nà títọ́ kejì kí ọwọ́ rẹ̀ ṣófo, kí ẹni tí ó kọjá sì tún kọjá rẹ̀ padà. Ó ní láti mọ ibi tí yóò ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí kọ́nà tó dé, kí dáínámò rẹ̀ lè kó díẹ̀ sí i. Àgbẹ̀ tí ó jẹ èèbù rẹ̀ tán ní ọjọ́ ọdún kò ní ohun tí yóò gbìn. Nítorí èyí ni ọmọ èkíní ṣe ń bínú, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní ọdún 2023 Verstappen, tí ó ti gba oyè àgbáyé lẹ́ẹ̀mejì nígbà náà, sọ ní gbangba pé ètò náà kò dára lójú òun. Àwọn tí ó fẹ́ràn eré yìí nítorí ìgboyà kò fẹ́ kí ó di eré ìṣirò.

A gbọ́ ẹjọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, ìṣirò kò sọ ìgboyà di asán. Gbogbo ìyá tí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ni ó mọ̀ pé ọjọ́ tí ó gba ìgboyà jù ni ọjọ́ tí a kọ̀ láti tà, nígbà tí oníbàárà dúró síwájú ẹni tí owó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọjà yóò wọ́n ní ọ̀la.

Òfin náà tún kan ìyẹ́ ọkọ̀. Ọkọ̀ eré ìje ní ìyẹ́ níwájú àti lẹ́yìn bí ti ọkọ̀ òfuurufú, ṣùgbọ́n a dà wọ́n dojú bolẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má ṣe gbé ọkọ̀ sókè bí kò ṣe kí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí táyà lè di ilẹ̀ mú ní kọ́nà. Àléébù rẹ̀ ni pé ìyẹ́ tí ó ràn wá lọ́wọ́ ní kọ́nà ni ó tún ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn ní ojú ọ̀nà títọ́. Láti ọdún 2011, ẹni tí ó bá wà ní ẹ̀yìn ẹnìkejì rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1 ni a fún ní ààyè láti ṣí ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó lè kọjá. Ètò 2026 mú èyí kúrò. Gbogbo ọkọ̀ ni yóò máa ṣí ìyẹ́ iwájú àti ti ẹ̀yìn ní ojú ọ̀nà títọ́, tí yóò sì máa pa á dé ní kọ́nà; ẹni tí ń lépa ẹlòmíràn sì ń gba àfikún iná mànàmáná dípò rẹ̀.

Ọkọ̀ náà kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Nínú ètò tí àjọ FIA kéde ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n gé sẹ̀ǹtímítà 10 kúrò nínú ìbú rẹ̀ àti 20 kúrò nínú gígùn tí ó pọ̀ jù láàárín táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù ní kílógíráàmù 30, sí 768. Ẹni tí ó bá ti rí bí bọ́ọ̀sì méjì ti ń kọjá ara wọn ní ọ̀nà tóóró lábẹ́ Òkè Olúmọ yóò mọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ ti sanra jù fún àwọn ọ̀nà bí ti Monaco, níbi tí wọ́n ti ń sáré láàárín ilé àti ilé, tí kò sì sí ẹni tí ó lè kọjá ẹnìkejì rẹ̀ àfi bí ó bá ṣe àṣìṣe.

Ní ti epo, a rí ohun tí ó yà wá lẹ́nu. Òfin 2026 kọ epo tí a wà láti inú ilẹ̀. Epo tuntun náà gbọ́dọ̀ ti inú ìdọ̀tí ìlú wá, tàbí ìyàgbẹ́ oko, tàbí kí a fi afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí a kó láti ojú ọ̀run ṣe é. Kò sì gbọdọ̀ jẹ́ oúnjẹ tí ènìyàn lè jẹ. Gbólóhùn ìkẹyìn yìí mú wa rántí àkókò ìjọba Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu, láti 1999 sí 2007, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́: ẹ̀gẹ́ fún búrẹ́dì, ẹ̀gẹ́ fún títà sí òkè òkun, ẹ̀gẹ́ tí a ó fi ṣe ọtí líle tí ọkọ̀ yóò máa mu. Àgbẹ̀ Ẹ̀gbá kò ní rí ẹ̀gẹ́ tà fún àwọn ọkọ̀ eré ìje wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n èèpo rẹ̀ tí à ń kó dànù ní ẹ̀yìn ilé gàrí, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wá. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga wa tí ń kọ́ ìmọ̀ kẹ́místìrì, ẹ fi etí sí èyí ju ariwo ẹ́ńjìnì lọ.

Àwọn ẹgbẹ́ tí ń sáré pọ̀ sí i pẹ̀lú. Cadillac láti Amẹ́ríkà ni ẹgbẹ́ kọkànlá, èyí tí ó sọ ọkọ̀ 20 di 22. Audi ti Jámánì gba ẹgbẹ́ Sauber, Ford dara pọ̀ mọ́ Red Bull láti ṣe ẹ́ńjìnì, Honda tí ó ti kéde ní ọdún 2020 pé òun ń lọ sọ ní 2023 pé òun ń padà bọ̀, nígbà tí Renault dá ẹ́ńjìnì ṣíṣe dúró. Ìdí tí òfin tuntun fi ń mú ọkàn wọn gbóná ni pé ọdún tí òfin yí ni ọdún tí òtòṣì lè di ọba. Ní 2009, Ross Brawn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra ẹgbẹ́ tí Honda fi sílẹ̀ ní pọ́n-ùn 1 péré, wọ́n ka òfin tuntun ọdún náà dáadáa ju àwọn ọlọ́rọ̀ lọ, wọ́n sì gba oyè. Ní 2014, Mercedes ni ó mọ ìtumọ̀ òfin kí àwọn yòókù tó mọ̀ ọ́n, ó sì gba oyè ẹgbẹ́ lọ́dún mẹ́jọ léraléra. Nítorí náà, àwọn tí ó ń gbà á kì í ṣe awakọ̀ nìkan; akọ̀wé tí ń ka ìwé òfin ní òru wà nínú wọn. Inú wa dùn láti gbọ́ èyí, a kò fi pa mọ́.

Ọmọ ẹ̀kẹta, ẹni tí kò sọ̀rọ̀, ti kọ gbólóhùn kan sí ìsàlẹ̀ ìwé rẹ̀, ó sì fà á nílà: “Nínú gbogbo 24, kò sí ti Áfíríkà.” Òtítọ́ ni. Nínú ètò eré 24 tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ jáde fún 2026, Madrid wọlé, Imola jáde, ilẹ̀ wa kò sì sí níbẹ̀. Wọ́n ti sáré ní Casablanca ní 1958, wọ́n sì sáré ní Kyalami nítòsí Johannesburg títí di 1993. Láti ìgbà náà kò tíì sí òmíràn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Ààrẹ Rwanda, Paul Kagame, kéde ní Kigali pé orílẹ̀-èdè òun ń bèèrè fún un. Ní 2025 ni FIA sì fọwọ́ sí ètò tí yóò fi tún Kyalami ṣe dé ìwọ̀n tí ó yẹ. Nàìjíríà kò sí lórí ìlà yìí, àfi ti ojú omi: ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi tí ń lo iná mànàmáná sáré ní ọ̀sà Èkó, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú ìdíje E1 bẹ́ẹ̀ wáyé ní Áfíríkà.

A dé ibi tí ó kan ilé wa jù nísinsìnyí. Nígbà tí a ń ka ìwé ọmọ náà, ojú ewé tí ó gba àkókò wa jù ni ti ààbò. Irin tí ó dáàbò bo orí awakọ̀ bí ọkọ̀ bá dojú dé gbọ́dọ̀ lè fara da ìlọ́po 20 ìwúwo, níbi tí ó ti jẹ́ 16 tẹ́lẹ̀. Imú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wó ní ìpele méjì, nítorí wọ́n ti rí ọkọ̀ tí imú rẹ̀ já dànù nígbà tí ó kọ́kọ́ gbá nǹkan, tí kò sì ní ohun tí yóò gbà á nígbà tí ó gbá èkejì. Wọ́n fi iná sí ara ọkọ̀ tí yóò fi han àwọn olùgbàlà bóyá mànàmáná ṣì wà nínú rẹ̀ tí ó lè pa wọ́n. Òfin kọ̀ọ̀kan nínú wọ̀nyí ni ẹ̀jẹ̀ tàbí ìbẹ̀rù kọ. Ní Imola, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1994, Roland Ratzenberger kú. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ Ayrton Senna ará Brazil, ẹni tí ó ti gba oyè lẹ́ẹ̀mẹta, kú ní pápá kan náà. Ní 2018 wọ́n fi irin tí wọ́n ń pè ní halo yí orí gbogbo awakọ̀ ká, ọ̀pọ̀ sì fi ṣe ẹlẹ́yà pé ó burẹ́wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020, ní Bahrain, ọkọ̀ Romain Grosjean wọ inú ògiri irin, ó pín sí méjì, ó sì gbiná. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 28 ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde nínú iná náà. Irin tí ó burẹ́wà ni ó yà á nípa kúrò lọ́dọ̀ ògiri.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ka ẹ̀kọ́ Bíbélì níbi ìsìnkú ọmọkùnrin ẹni ọdún 22 kan nínú ìjọ wa. Ní ọ̀nà Ṣágámù ni ó ti kú, bí ó ti ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sá eré nínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀. A bá wọn lọ wo ọkọ̀ náà. Bẹ́líìtì ìjókòó wà nínú rẹ̀, tuntun ni, kò tíì já. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ra ọkọ̀ náà, wọ́n fi aṣọ ìjókòó tí ó dára bo àga, wọ́n sì ti bẹ́líìtì bọ abẹ́ aṣọ náà kí ó má ba ẹwà rẹ̀ jẹ́. Bàbá rẹ̀ fa á jáde níṣojú wa, ó sì wọ̀n ọ́n lápá bí télọ̀ ti ń wọn aṣọ. A kò lè gbàgbé rẹ̀. Àwọn awakọ̀ Formula 1, tí ń sáré ju 300 kílómítà ní wákàtí kan lọ, okùn mẹ́fà ni wọ́n fi ń di ara wọn mọ́ àga, kò sì sí ẹni tí ó jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ yí táyà kan láìdì í.

Abẹ́òkúta kì í ṣe àjèjì sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ìlú yìí ni ìlú Olóyè Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, tí ọ̀pọ̀ ìwé ń pè ní obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wa ọkọ̀ ní Nàìjíríà. Ìlú yìí náà ni wọ́n ti bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ní 1934, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1986. Nígbà tí ìjọba dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Akéwì ni, kì í ṣe ọlọ́pàá; ṣùgbọ́n òkú tí ó ti rí ní ojú ọ̀nà pọ̀ jù fún un láti dákẹ́. Nígbà tí a sọ èyí fún àwọn ọmọ mẹ́ta náà, wọn kò mọ̀ ọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn mọ orúkọ Senna.

Wọ́n padà wá ní ọjọ́ kẹrin fún ìdájọ́. A sọ fún èkíní pé kò jẹ̀bi, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ràn nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti bẹ̀rù ìyípadà rẹ̀. A sọ fún èkejì pé kí ó ní sùúrù, nítorí pé òfin lórí ìwé kì í ṣe ọkọ̀ lórí ilẹ̀. A dá ìwé ẹ̀kẹta padà fún un, a sì bi í bóyá ó máa ń di bẹ́líìtì nínú ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó wolẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé a lè wá wo ti àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ yín?”

Melbourne ni wọ́n fi eré àkọ́kọ́ ọdún 2026 sí, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta, ọjọ́ Ìsinmi, ní aago 3 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn, tí í ṣe aago 5 òwúrọ̀ lọ́dọ̀ wa. A ṣírò rẹ̀ lórí ìka: wákàtí 2 ni òfin fi ṣe òdiwọ̀n eré sísá náà, aago 8 sì ni agogo ìkíní máa ń lù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. A ní kí wọ́n máa bọ̀, kí wọ́n sì ti wọ aṣọ ìjọsìn wọn wá láti ilé. Ìyá àwọn ọmọ wa, tí ó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, ní òun yóò lọ aṣọ tòun ní ọ̀sán Sátidé.